Ọ̀wẹ̀ Lọ́tọ̀, Agbáṣe Lọ́tọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Darí Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Lo Sọ́fítíwíà Kí Owó Má Bàa Tú U Ká

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú yàrá ìpàdé kan ní Bódìjà n'Ìbàdàn, àwa tí a jọ ń lo WordPress, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ti parí ìpàdé wa, a ń kó àga jọ. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó máa ń tètè dé ju gbogbo wa lọ. Òun ló ń to àga, òun ló ń so wáyà projector, òun náà ló ń gbálẹ̀ nígbà tí èrò bá ti lọ tán. Lọ́jọ́ náà ó rí mi níbi tí mo ti ń fún ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀ ní àpòòwé owó, tí ilé-iṣẹ́ kan fi rán mi sí i. Kò wí nǹkan kan. Ó gbálẹ̀ tán, ó fọwọ́, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe owó náà ló dùn mí. Pé ẹ ò sọ fún wa ni." Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kò wá mọ́. Àwọn mẹ́ta tó máa ń bá a to àga náà dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn bàbá wa tó ń dáko mọ ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan bá bẹ ọ̀wẹ̀, ọ̀rẹ́ àti àna á gbé ọkọ́ wá, olóko á se oúnjẹ, á gbé ẹmu kalẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè owó. Bó bá jẹ́ àáró, òní tèmi, ọ̀la tìẹ. Bó bá sì jẹ́ agbáṣe, wọ́n á ti dá iye owó kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Kò sí èyí tí kò dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà tí nǹkan máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹni tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ bá ń kọ ebè lọ nínú oòrùn, tó wá gbọ́ pé agbáṣe ni ẹni tó wà ní poro kejì.

Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ bíi tiwa ni mò ń bá sọ̀rọ̀, yálà WordPress lẹ ń lò ni, tàbí Python, Linux, tàbí PostgreSQL. Bí mo ṣe to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni kí ẹ ṣe tẹ̀ lé wọn, nítorí pé èyí tó ṣáájú ló ń gbé èyí tó tẹ̀ lé e ró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbà pé ọjà wà nínú ọ̀rọ̀ náà

Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ní òun ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa òwò. Kò tọ́jọ́, torí pé òwò ló gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá síbẹ̀. WordPress jáde ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2003, Matt Mullenweg àti Mike Little ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, abẹ́ ìwé àṣẹ GPL ló sì wà. Ìwé àṣẹ yẹn fún gbogbo ayé láyè láti lò ó, láti tú inú rẹ̀ wò, láti yí i padà, àti láti tà á pàápàá. Lónìí, ó ju ìdá 40 nínú 100 ìkànnì gbogbo ayé tó dúró lé e lórí. Àwọn tó ń gba ìkànnì sílé (hosting), àwọn tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn tó ń kọ plugin, ìyẹn àfikún tí wọ́n ń so mọ́ ọn, àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà, gbogbo wọn ló ń jẹun níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá jókòó sí ìlà ẹ̀yìn ń wá ẹni tó máa gbé iṣẹ́ fún un. Kí ló burú níbẹ̀?

Torí náà, níbi ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ bi oníkálùkù ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí lo ń wá níbí? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Àwa ṣe é, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ àti àwọn tó ń wá ẹ̀kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àwọn kan sì sọ pé àwọn kàn ń wá ẹni tí àwọn lè bá sọ̀rọ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ agbáṣe

Ibí yìí ni kó gba àkókò yín jù. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i láàárín, kí ẹ sì kọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe sí apá kan tàbí èkejì.

Tiwa rí báyìí. Ọ̀wẹ̀ ni àga títò, àlejò gbígbà, ọ̀rọ̀ sísọ níwájú ẹgbẹ́, kíkọ́ ẹni tuntun, ìdáhùn ìbéèrè lórí WhatsApp, àti títúmọ̀ WordPress sí Yorùbá. Agbáṣe ni oúnjẹ, owó gbọ̀ngàn, aṣọ títẹ̀, fọ́tò yíyà, àti gígé fídíò. Olórí ẹgbẹ́ wà lábẹ́ ọ̀wẹ̀, kò sí owó oṣù fún un.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ ronú kan èyí. Ìlànà tí àjọ WordPress ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń pàdé lábẹ́ orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ kedere: ire gbogbo àwùjọ ni ìpàdé wà fún, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan tàbí èèyàn kan, ẹnu ọ̀nà ṣí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, àwọn tó fi ara wọn jìn ló ń darí, àwọn náà ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lè pe ìpàdé, kí ara sì tu gbogbo èèyàn níbẹ̀. Níbi WordCamp, ìyẹn àpéjọ ńlá wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 2006, tó sì dé Èkó lọ́dún 2018, wọn kì í sanwó fún ẹni tó sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í sanwó fún àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ti PyCon, àpéjọ àwọn tó ń lo Python ní Amẹ́ríkà, tilẹ̀ le ju ìyẹn lọ nígbà kan: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó máa sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ṣètò àpéjọ náà máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi gbogbo èèyàn.

Ìṣòro wà níbi tí ọ̀wẹ̀ àti agbáṣe ti pàdé lára ẹnì kan. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ yín kan ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Ẹ fẹ́ kó wá ya fọ́tò ìpàdé. Ẹ má ṣe dọ́gbọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé bó bá ní rárá, ohun gbogbo ṣì wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá máa san owó fún un, ẹ sọ iye náà létí gbogbo ẹgbẹ́ kó tó ya fọ́tò àkọ́kọ́. Bí olórí ẹgbẹ́ tàbí ìbátan rẹ̀ bá ń ta ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà, kó dìde kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá iye rẹ̀. Èmi fúnra mi ti jáde síta dúró lábẹ́ igi nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí àbúrò mi tó ń tẹ aṣọ. Wọn ò gbé iṣẹ́ náà fún un. Ó dùn ún, ó dùn mí díẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ tún kù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ méjì kó tó dé ìpàdé ń ná owó gidi lórí ọ̀wẹ̀. Owó ọkọ̀ àti owó dátà tí ẹ dá padà fún un kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹmu olóko ni. Ẹ fún un láìjẹ́ kí ojú tì í láti gbà á, kí iye náà sì jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí oníkálùkù sọ ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá

Kí gbogbo ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún pé ilé-iṣẹ́ wo lòun ń bá ṣiṣẹ́, kí lòun ń tà, àti ta ló ń sanwó fún òun láti máa wá sí ìpàdé, bí irú rẹ̀ bá wà. Ẹ lẹ ìwé náà síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti lè kà á. Àbúkù kankan ò sí nínú kí ilé-iṣẹ́ máa sanwó fún èèyàn láti bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá tó wà nínú sọ́fítíwíà wọ̀nyí, àwọn tó ń gba owó oṣù ló ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òdiwọ̀n kan sí i: ilé-iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ ní ju ìdajì ìgbìmọ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà, ni mo ti rí èyí, ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún 2020 sì wú mi lórí. Ìgbìmọ̀ àgbà wọn jẹ́ èèyàn márùn-ún nígbà náà. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ilé-iṣẹ́ EDB ra ilé-iṣẹ́ 2ndQuadrant, bí mẹ́ta nínú márùn-ún ṣe di òṣìṣẹ́ ibì kan náà nìyẹn. Àdéhùn tí wọ́n ti ní láàárín ara wọn tipẹ́ ni pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n fi èèyàn méjì láti ilé-iṣẹ́ mìíràn kún un, ó di mẹ́ta nínú méje. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ yín pé ilé-iṣẹ́ kan gba mẹ́ta nínú yín síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà (ó máa ń ṣẹlẹ̀ nílùú kékeré), ẹ bá wọn yọ̀, kí ẹ sì wá èèyàn kún ìgbìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dá iye kí onígbọ̀wọ́ tó dé

Bí onígbọ̀wọ́, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi owó ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, bá dé kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ ń tà, òun ni yóò sọ ọ́ fún yín. Iye kan ni kí ẹ kọ sílẹ̀, iye náà ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá àti kékeré. Lẹ́tà tí àwa ń fi ránṣẹ́ rèé, ẹ lè mú un bẹ́ẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. A dúpẹ́ pé ẹ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Owó oúnjẹ ìpàdé kan là ń wá, iye rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Bí ẹ bá san án, orúkọ yín á wà lára bánà, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ yín níbẹ̀rẹ̀ àti níparí, ẹ ó sì ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ ohun tí ẹ ń ṣe. A kì í fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà fóònù àwọn tó wá. Onígbọ̀wọ́ kọ́ ló ń yan ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Bí àwọn tí ẹ jọ ń ta ohun kan náà bá wá lóṣù tó ń bọ̀, iye yìí náà la ó gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ yóò gbọ́ iye tí ẹ san."

Àwọn kan kì í fèsì lẹ́tà yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fóònù yẹn ni wọ́n sábà máa ń bínú sí, torí pé òun gan-an ni wọ́n wá rà. Ẹ má ṣe tà á. Ẹni tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé lẹ́nu ọ̀nà kọ ọ́ nítorí ìpàdé. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 náà kò fara mọ́ kí a gba dátà èèyàn fún ohun kan, ká wá lò ó fún òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ tó bá fẹ́ nọ́ńbà lè gbé ìwé tirẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹni tó bá wù kọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó bá fún yín ní gbọ̀ngàn lọ́fẹ̀ẹ́, onígbọ̀wọ́ ni òun náà. Ẹ kà á mọ́ wọn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kí òfin kan náà sì mú un. A ti jókòó sí gbọ̀ngàn ọ̀fẹ́ rí tí onílé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tí kò fẹ́ kó wọlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fún ọjà ní àkókò tirẹ̀

Bí òwò kò bá ní àyè tirẹ̀, gbogbo ibi ni yóò máa yọjú sí. Ìṣẹ́jú 15 tó gbẹ̀yìn ìpàdé wa, ọjà ni. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ á dìde, á sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó ní iṣẹ́ á dìde, á sọ iye tó máa san. Ìṣẹ́jú kan ni fún oníkálùkù, fóònù ló ń ká a. Lórí WhatsApp, ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ìpolówó. Ohun tó bá wọlé lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀ á yọ ọ́, á sì kọ sí ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀ pé kó gbé e padà wá ní Ẹtì. Ẹ má bá a wí lójú gbogbo ayé.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí àlejò máa ń sọ, ìbéèrè kan la fi ń dán an wò kí a tó gbà á: bí ẹni tó gbọ́ ọ nílé ìpàdé kò bá ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ṣé nǹkan kan wà tó lè fi í ṣe nílé lálẹ́ ọjọ́ náà? Bó bá wà, ẹ̀kọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ó di ìgbà tó bá ra nǹkan kí ọ̀rọ̀ náà tó wúlò fún un, ìpolówó ni, àwọn ìṣẹ́jú márùn-ún onígbọ̀wọ́ ló sì yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí olùsọ̀rọ̀ dárúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àti níparí, kí àárín jẹ́ ti ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí owó má ṣe wà lápò ẹnì kan

Ọdún kan gbáko ni owó ẹgbẹ́ wa fi wà nínú àkáǹtì tèmi. Mi ò jí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi mí léèrè, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣírò kí n tó lè dáhùn, láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ojú tí àwọn kan fi ń wò mí ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ alájọ ọjà lásán mọ̀ pé káàdì ọwọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ bá ìwé ọwọ́ òun mu.

Ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, tí owó kò fi ní jáde níbẹ̀ láìsí ọwọ́ èèyàn méjì. Báńkì á béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kì í pín èrè lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees lábẹ́ òfin CAMA ti ọdún 2020. Òfin náà ní ohun tí ẹgbẹ́ wà fún ni kí owó rẹ̀ máa bá lọ, kí wọ́n má pín in bí èrè láàárín ọmọ ẹgbẹ́. Ó ń náni lówó, ó sì ń gba sùúrù. Bí ẹ kò bá tíì tó o ṣe, ẹ jẹ́ kí onígbọ̀wọ́ san owó oúnjẹ tààrà fún ìyá olóúnjẹ, kí ó má gba ọwọ́ yín kọjá rárá.

Ní ìparí oṣù, ẹ gbé e sórí WhatsApp: iye tó wọlé àti ẹni tó san án, iye tó jáde àti ohun tí ẹ fi rà, iye tó kù, àti fọ́tò rìsíìtì. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Bí kò bá tilẹ̀ sí owó tó wọlé, ẹ gbé e síbẹ̀ pé òdo ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ṣọ́ orúkọ àti kọ́kọ́rọ́

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè pátápátá. Àjọ WordPress Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2010, ló ni orúkọ WordPress. Ilé-iṣẹ́ Automattic tí Matt Mullenweg ń darí ló ní àṣẹ láti fi í ṣòwò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti WP Engine, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba ìkànnì sílé, lórí ọ̀rọ̀ orúkọ náà àti lórí iye tí WP Engine ń dá padà sínú iṣẹ́ àjọṣe. Mullenweg ti ilẹ̀kùn WordPress.org, ìkànnì tí a ti ń gba WordPress àti plugin rẹ̀, mọ́ WP Engine. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ ní oṣù kẹwàá. Ní oṣù kejìlá, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà padà. Láàárín àsìkò yẹn, àpótí kan wà lójú ìwọlé WordPress.org tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi àmì sí pé òun kò bá WP Engine tan. Àwọn tó wá ṣe ọ̀wẹ̀, tí wọn ò mọ ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ní láti fi àmì sí i kí wọ́n tó lè gbé ọkọ́.

Nínú ẹgbẹ́ kékeré, irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í dé ilé ẹjọ́. Ẹnì kan á kàn yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà ni. Torí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí pé ta ló ni orúkọ ẹgbẹ́, ojú ìwé Facebook rẹ̀, ẹgbẹ́ WhatsApp rẹ̀, àti ìkànnì rẹ̀. Kí èèyàn méjì láti ibi iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ilé-iṣẹ́ ẹnikẹ́ni má jẹ́ orúkọ mọ́ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, kí olórí gbé e fún ẹlòmíràn.

Bó bá ti bàjẹ́ kí ẹ tó ka èyí

Ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ tiwa náà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, mo sọ iye tó wà nínú àpòòwé ọjọ́ náà, ẹni tó fi rán mi, àti ẹni tó gbà á. Mo ní mo ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pe ọmọkùnrin yẹn lórí fóònù, mo tún un sọ fún un. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n."

Kò padà wá to àga. Ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n kò kúrò lórí WhatsApp wa. Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí a gbé ìṣirò owó jáde, ó kọ ìlà kan sísàlẹ̀ rẹ̀ pé kí ló dé tí owó epo jẹnẹrétọ̀ fi pọ̀ tó báyìí. Mo fi fọ́tò rìsíìtì fèsì fún un.